Fìlà Kejìlélógún

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí n kò ní gbàgbé títí wọn yóò fi bò mí mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ẹnikẹ́ni kò kú lọ́jọ́ náà. Ìgbéraga mi nìkan ló kú, ó sì ti pẹ́ tó ti yẹ kó kú.

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀yìn ilé tí a yá gbé ní Ire-Àkárí, nílùú Ìsọlọ̀, ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, lábẹ́ páànù. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ara mi: n kì í ṣàṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbà nígbà náà. Tí mo bá fẹ́ wọn èjìká oníbàárà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, n ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹnìkan bá padà wá, tó ní, “Àǹtí, aṣọ yìí há mọ́ mi,” n ó ṣí ìwé, n ó ní, “Ìwé mi kì í purọ́. Ẹ̀yin lẹ sanra.” Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, Ìbùkún lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú kan ṣoṣo, bí eruku bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, á ti dijú. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Kò bá àwọn ọmọ àdúgbò gun igi, kò bá wọn sáré ní òjò. Nígbà tó parí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, mo ti ń bá a wo báńkì tí yóò jókòó sí, ibi tí atẹ́gùn tútù wà, tí àga ń yí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ló wu ọmọ mi.

Ọkọ̀ kan wà nínú ọgbà wa tí a bá níbẹ̀ nígbà tí a kó wá. Bàbá onílé ló ni ín. Ọkọ̀ Jámánì àtijọ́ ni, ó gún régé bí àpótí, àwọ̀ rẹ̀ sì ti dà bí ẹ̀kọ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìbùkún ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọkọ̀ náà ní tọ́bò. Mo ní kí ni tọ́bò. Ó fi ọwọ́ júwe ohun kan tó rí bí ìkarahun ìgbín, ó ní èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ yẹn á sì máa fi agbára ti afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú ẹ́ńjìnnì. “Bí ẹni tó ń fẹ́ iná ni, Màmá. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe máa jó tó.”

Lọ́jọ́ kan, bàbá onílé ní òun fẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìbùkún kúnlẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá lè jí i dìde kó máa gbé e lọ.

Ṣé ẹ rí i, ó ní ìdí tí ọmọ náà fi kúnlẹ̀. Ọ̀gá kan wà ní Mafolúkù, Ọ̀gá Lékè, tó ti ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú rí kó tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Irú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń tún ṣe. Ìbùkún ti lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun síṣẹ́. Ọ̀gá ní àyè ẹnìkan ló kù, ẹlòmíì sì ti ń dúró dè é. “Jí òkú ọkọ̀ yẹn fúnra ẹ, nínú ọgbà yín. N ó wá gbọ́ ọ. Tá a bá wà á jáde, tí tọ́bò ẹ̀ sì fọn bíi fèrè títí dé Òkè-Àfà, o ti wọlé. Tí kò bá fọn, máa lọ báńkì tí màmá ẹ ń sọ.”

N kò lè ní kó má ṣe é. Ó ti tó ọmọ ọdún méjìlélógún. Nítorí náà, mo pinnu pé bó ti wù kó ṣe é, n ó máa dáàbò bò ó.

Mo kọ́kọ́ ra àṣíborí ọlọ́kadà.

“Màmá, ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ tú o. Mi ò gun ọ̀kadà.”

“Dé e.”

Ó dé e. Mo ra ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tó nípọn fún un pẹ̀lú, mo ní n kò gbọdọ̀ rí ọwọ́ rẹ̀ lásán lára irin. Nígbà tó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, tó sì to bùlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, mo mú téèpù ìránṣọ mi, mo wọn àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀. Mo rí i pé bí bùlọ́ọ̀kù bá fọ́, àlàfo tó máa kù kò ní gba àyà ọmọ mi. Mo bá lọ yá odó lọ́wọ́ Ìyá Kọ́lá.

Ìyá Kọ́lá ni ará ilé wa tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, olùkọ́ ni, ó sì tún jẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkẹ́rẹ́ ló ti gbé odó náà wá ilé ọkọ. Mo ní kò sí ọkọ̀ tó lè fọ́ odó Èkìtì. Òótọ́ ni, kò fọ́ ọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọ̀gangan ibi tí mo gbé e sí ni Ìbùkún fẹ́ tú ìdérí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Òróró dúdú tó ti ń sùn níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ tú yàà, gbogbo rẹ̀ pátá, sínú odó.

Ìyá Kọ́lá jáde, ó wo inú odó, ó wò mí.

“Ìyá Ìbùkún, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ gún níyán ni?”

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iyán ilé Ìyá Kọ́lá fi ń dán bíi bàtà sójà.

Ẹ rò pé ìyẹn á kọ́ mi lọ́gbọ́n. Rárá. Nígbà tí ọmọ mi tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, oríṣiríṣi ihò ló ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀, Ìbùkún sì ní eruku àti alángbá ni ọ̀tá ẹ́ńjìnnì tí a tú. Ó fẹ́ fi ọ̀rá dí wọn. Ọ̀rá kẹ̀? Nílé aránṣọ? Mo mú téèpù, mo wọn ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi èékù ankara tí mo kó láti ọjà Aswani rán fìlà fún gbogbo wọn, mo fi rọ́bà yí etí wọn. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Mo fi òwú funfun kọ nọ́ḿbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ wọ́n sínú ìwé mi: fìlà kìíní, ọ̀nà omi, fìlà kejì, ọ̀nà epo, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin.

“Fìlà ọkọ̀ yìí ti pọ̀ ju ti Dádì Kọ́lá lọ,” ni Ìyá Kọ́lá wí. “Ìgbà wo lẹ máa kó o jáde? Ká tètè wá orúkọ.”

Mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí n lè máa jókòó ti ọmọ mi. Fún bí oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn tí mo bá ti dá ẹ̀rọ mi dúró, n ó gbé àpótí mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo rí i tó ń fi irin pẹlẹbẹ kan wọn àlàfo láàárín irin méjì. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Orí mi wú. Mo ti rò pé ojú rẹ̀ nìkan ló fi jọ mí.

Ọjọ́ Fúráìdé, ọ̀sán, ohun gbogbo ti padà sípò. Bó ṣe ń tú fìlà ni mo ń fi inki pupa fa ìlà sí i nínú ìwé. Mọ́kànlélógún jáde, mọ́kànlélógún wọlé. Mo kó gbogbo wọn sínú omi ọṣẹ. Hóòsì kan ṣoṣo ló kù, èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sẹ́nu tọ́bò, nítorí pé kílíìpù tó máa fún un mọ́ra ti kán. Ìbùkún sáré lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, láti ra òmíràn.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Kóòtù Dádì Kọ́lá ni mo ń rán, mo ń gé aṣọ dúdú tó máa wà nínú rẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo rí alángbá kan, olórí pupa, lórí ọkọ̀ náà. Ó ń mi orí, ó ń wo inú ẹnu tọ́bò tó ṣí sílẹ̀ bí ẹni tí ajẹ́ńtì mú wá wo ilé tó fẹ́ yá gbé.

Mo fò dìde. Mo lé e. Ó sá, ó padà. Mo tún lé e, ó tún padà. Fìlà mi gbogbo wà nínú omi. Mo bá gé aṣọ dúdú yẹn róbótó, mo fi rọ́bà yí etí rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ibẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, mo sì fi wọ tọ́bò lẹ́nu. Ó wọ̀ ọ́ pinpin. N kò kọ nọ́ḿbà sí i. Mo ní tó bá ṣe díẹ̀, n ó kọ ọ́ sínú ìwé. Oníbàárà kan bá ń ké àgò níwájú ilé, ìyá ìyàwó tó fẹ́ kí n tún gbogbo ara òun wọ̀n. Nígbà tí mo fi wọ̀n ọ́n tán, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kúrò lọ́kàn mi pátápátá.

Ìbùkún dé, ó ti hóòsì bọ tọ́bò lẹ́nu, ó fún kílíìpù rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tó nípọn, tí ìyá rẹ̀ fi ipá wọ̀ fún un, báwo ló ṣe fẹ́ mọ aṣọ yàtọ̀ sí irin?

Ọ̀gá Lékè dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. Ọkùnrin kúkurú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, orín wà lẹ́nu rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, “Ẹ ṣáná sí i.”

Ìbùkún yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kùn, ó kùn, ó sì dìde! Gbogbo ilé pariwo. Adìẹ tó ń yé sẹ́yìn ọkọ̀ fò gba ojú fèrèsé jáde. Mo ti ń jó kí ẹnikẹ́ni tó jó.

“Tẹ̀ ẹ́,” ni Ọ̀gá wí.

Ìbùkún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ wúkọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há sọ́nà ọ̀fun, èéfín dúdú sì rọ́ jáde, ó gba ọ̀dọ̀ okùn tí Ìyá Kọ́lá sá aṣọ sí. Aṣọ akọrin ni, funfun báláú, mẹ́rin, ó ń bá ẹgbẹ́ fọ̀ wọ́n. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di aṣọ ọ̀fọ̀.

“Ìyá Ìbùkún! Ọ̀la ni Sọ́ńdè o! Ọ̀la!”

Ọ̀gá Lékè kò wo aṣọ. Ìbùkún ló ń wò. “Kí ló ń ṣe é?”

Ọmọ mi gbé etí sílẹ̀. “Kò rí afẹ́fẹ́ mí, sà. Ó dà bí ẹni pé nǹkan dí i lẹ́nu. N ó tú hóòsì tọ́bò.” Ọwọ́ rẹ̀ ti débẹ̀.

Ibẹ̀ ni èmi aláìláṣìṣe ti dá sí i. “Rárá o! Kò lè jẹ́ ibẹ̀!” Mo sáré gbé ìwé mi wá. “Ọ̀gá, sà, ẹ wò ó. Fìlà mọ́kànlélógún ló wọ ara ẹ́ńjìnnì yìí, mọ́kànlélógún ló jáde. Inki pupa nìyí. Ìwé mi kì í purọ́.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kàn wò ó…”

“Ibi epo ni kó o wò. Mo ti sọ tèmi.”

Ó wo ojú mi, ó wo ìwé. Ó mú ọwọ́ kúrò. Ọ̀gá Lékè rí i, orín tó ń rìn lẹ́nu rẹ̀ sì dúró.

Fún wákàtí kan gbáko ni Ìbùkún fi ń tú ibi epo. Ó tú èyí, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ó ṣáná, ọkọ̀ wúkọ́. Ó tú èyí tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ wúkọ́. Òógùn ń jáde lábẹ́ àṣíborí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀, mo kà á. Nígbà tó yá, ó ju orín nù, ó ní, “Ọmọ mi, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n àyè kan ni mo ní.”

Àlejò kò gbọdọ̀ lọ láìmu omi, mo bá wọlé lọ gbé omi tútù. Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀ ni mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Aṣọ dúdú ti Dádì Kọ́lá wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ihò róbótó kan sì wà láàárín rẹ̀. Ihò náà ń wò mí.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín. Mo dúró. Omi wà lọ́wọ́ mi, mo dúró. Nǹkan kan ń sọ sí mi nínú pé: dákẹ́. Ṣé kì í ṣe ohun tó o fẹ́ nìyí? Kò ní wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Kò ní máa lọ Mafolúkù lójoojúmọ́. Yóò lọ báńkì, yóò jókòó sórí àga tó ń yí, ìwọ á sì máa sùn dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó kàn máa gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kò dára tó ni.

Mo gbọ́ ohùn Ìbùkún láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. “Ẹ ṣé, sà,” ló wí. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó fi máa ń dáhùn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje nìyẹn, tí mo bá ní kó wọlé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré nínú òjò. Kì í jiyàn. Kì í sunkún. “Ẹ ṣé, mà,” á wọlé, á lọ dúró lójú fèrèsé.

N kò mọ ibi tí mo ju omi sí. Mo gbé aṣọ oníhò náà sáré lọ bá wọn.

“Ọ̀gá, ẹ dúró! Fìlà kejìlélógún wà!”

Ìbùkún yí padà. “Fìlà wo?”

“Dúdú ni. Ó wà lẹ́nu tọ́bò. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Alángbá ni… mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé…”

“Màmá!”

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jù ú sílẹ̀. Ó bọ́ àṣíborí. Ó fi ọwọ́ lásán tú kílíìpù, ó fa hóòsì yọ, ó sì mú un jáde: fìlà mi, tí ọkọ̀ ti fà wọnú títí tó fi rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín. Ojú rírán rẹ̀ kò já níbì kankan. Iṣẹ́ mi dára, ìyẹn ni n ó sọ.

Ìyá Kọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ gbà mí o. Ṣé kì í ṣe aṣọ inú kóòtù ọkọ mi nìyẹn?”

Ọ̀gá Lékè gba fìlà náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, mà,” ó wí fún mi, “a máa ń dí ihò o. Ohun tẹ́ ẹ ṣe kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tá a bá fi dí ihò gbọ́dọ̀ ní ìrù pupa, kó gùn, kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ níta, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀.” Ó wá kọjú sí Ìbùkún. “Ìwọ. O mọ ibi tó wà. Kí ló dé tó o mú ọwọ́ kúrò?”

“Màmá mi ló ní…”

“Mo gbọ́ ohun tí màmá ẹ wí. Ìwọ ni mo ń bi.”

Ìbùkún wolẹ̀. “Mo bẹ̀rù, sà.”

“Hẹn. Ọjọ́ míì, tí ọwọ́ ẹ bá ti mọ ibi kan, ṣí ibẹ̀ kó o tó mú un kúrò. Dá hóòsì padà. Ìwọ lo máa wà á.”

Kí ó tó di pé ó fún kílíìpù tán, mo ti wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, lórí ẹyin adìẹ, mo ti dé àṣíborí.

“Mà, ẹ sọ̀kalẹ̀,” ni Ọ̀gá wí.

“Ọ̀gá, mo kàn fẹ́ jókòó jẹ́jẹ́ ni…”

“Tọ́bò ni mo fẹ́ gbọ́, mà. Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni n ó máa gbọ́.”

Mo sọ̀kalẹ̀. Ẹyin méjì lẹ̀ mọ́ ìdí ìró mi. Mo dúró lẹ́nu géètì, ọmọ mi gbé Ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wa ọkọ̀ jáde lójú mi, kò wo ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe yà sójú títì ni mo gbọ́ ọ, ohùn tín-ínrín kan tó ń ròkè, bí ẹni tó ń fọn fèrè láti inú ìgò. Ó fọn, ó fọn, ó ń jìnnà sí mi. Ìyá Kọ́lá dúró tì mí pẹ̀lú aṣọ akọrin dúdú lọ́wọ́, kò tilẹ̀ bú mi mọ́. “Ẹ mí, Ìyá Ìbùkún,” ó wí. “Ẹ̀yin náà, ẹ mí.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi lọ tí wọ́n fi dé. Ọ̀gá Lékè sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Òun nìkan.” Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Mo fọ aṣọ akọrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì ra aṣọ dúdú mìíràn fún Dádì Kọ́lá. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn rọrùn láti tún ṣe. Ohun tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni pé fìlà yẹn kò dá eruku nìkan dúró. Mo fi ìfẹ́ dí ihò tí ẹ̀mí ń gbà wọlé, mo sì tún fi ìwé jẹ́rìí sí i pé n kò dí i. Mo ti ń dáàbò bo ọmọ mi láti ọdún méjìlélógún, n kò sì rántí kọ nọ́ḿbà sára èyíkéyìí nínú ohun tí mo fi dí i. Mélòó ló ṣì wà níbẹ̀? Ìwé mi kò mọ̀. Láti ìgbà náà, tí oníbàárà bá ní aṣọ há mọ́ òun, mo máa ń mú téèpù kí n tó ṣí ìwé.

Ẹ má rò pé mo yí padà tán. Ní Mọ́ńdè, ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù mi dún.

“Màmá, ta ló fi àṣíborí ọlọ́kadà sísàlẹ̀ àpò mi?”

“Ṣé o rí i?”

“Báwo ni mi ò ṣe ní rí i? Ìrù pupa tẹ́ ẹ rán mọ́ ọn ti yọ síta àpò láti ilé. Gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ ló ń wò mí!”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” mo wí. “N kò fi nǹkan pa mọ́ fún ẹ mọ́.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, tí ìlà tí mo ń rán fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tú u, mo tún un rán.